Èdè Mẹ́fà Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ Kan: Èwo Ni Ká Fi Kọ́ Àwọn Olùtọ́jú Inú Ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà àti aláìsàn nínú ilé wọn. Orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni àwọn òṣìṣẹ́ mi ti wá. Bí a bá jókòó pọ̀, èdè mẹ́fà ló wà láàárín wa. Èdè ìjọba ibi tí a wà ni mo fi ń kọ́ wọn. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń yege ìdánwò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ohun tí mo kọ́ wọn kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀sùn kàn wá pé a fún bàbá wọn ní omi lásán, nígbà tó jẹ́ pé omi tí a mú ki nìkan ló gbọ́dọ̀ máa mu. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí gbogbo wọn lọ kọ́ èdè fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹlòmíràn ní kí n wá ẹni tí yóò túmọ̀ gbogbo ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa sí èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó tí mo ní kò lè ṣe méjèèjì. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, tí ẹ kò fi nǹkan kan pamọ́. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, kí a lè mọ̀ pé ohun kan náà là ń wí. Kì í ṣe ẹ̀sùn ìdílé yẹn nìkan ló ń bà yín lẹ́rù. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé ẹnì kan lè kú sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú fáìlì yín. Ẹ̀rù náà tọ́. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, bóyá lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, omi tó ń ṣàn máa ń yára ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ó lè yà sí ọ̀nà èémí, kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì di òtútù àyà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà mìíràn aláìsàn kò tilẹ̀ ní wúkọ́ tí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ì bá fi mọ̀. Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun nípa èdè, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yẹ bàbá náà wò, kí ẹ sì bi àwọn ará ilé rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ń gbóná tàbí ó ń mí léraléra. Ìyẹn kò lè dúró de ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn fẹ́ ire fún yín, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti ṣì í. Wọ́n rò pé nǹkan kan ṣoṣo ló kù, pé bí èdè bá ti yé àwọn òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ti yé wọn nìyẹn. Nǹkan méjì ni. Iṣẹ́ wà lọ́tọ̀: bí a ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì tí awọ ara rẹ̀ kò fi ní bó, bí a ṣe ń mú omi ki, bí a ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ tí ìdọ̀tí ara rẹ̀ kò fi ní kàn wá. Èdè tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé aláìsàn wà lọ́tọ̀: bí a ṣe ń bi ìyá àgbà pé ibo ló ń dùn ún, bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹun láàárọ̀, bí a ṣe ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Mo ti kọ́ àwọn tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní orílẹ̀-èdè tiwọn, tí wọn kò lè kọ gbólóhùn kan tó dán mọ́rán sínú ìwé àkọsílẹ̀ níbi tí wọ́n wà báyìí. Mo sì ti kọ́ àwọn tí èdè ibẹ̀ já gaara lẹ́nu wọn, tí wọn kò mọ bí a ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ kó dìde lórí àga. Bí a bá lu ohun méjèèjì pọ̀, a ó máa fojú òpè wo ẹni àkọ́kọ́, a ó máa fojú amòye wo ẹnì kejì, aláìsàn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ ní wọ́n ń mi orí. Orí mímì yẹn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe àìkọbiara. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun kò ní nawọ́ sókè láàárín èrò kó ní òun kò gbọ́. Ẹni tó ti bímọ, tó ti tọ́jú ìyá tirẹ̀ títí ìyá fi sùn, kò ní fẹ́ kí ọmọ kékeré tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ̀ pé kò yé òun. Àwọn mìíràn sì wà tí a ti kọ́ láti kékeré pé kéèyàn máa da ìbéèrè bo olùkọ́ lójú èrò, ìwọ̀sí ni. Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin tó ń sọ Yorùbá yóò tètè rí. Bí ẹ bá bi mí pé, "Ṣé o ò tíì fún un lóògùn?" tí n kò sì tíì fún un, mo lè ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí ẹ ṣe wí ló rí, n kò tíì fún un. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ lè gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn kó sì gbà pé a ti fún un. Àwọn ará Jàpáàn, ará Kòríà àti ará Ṣáínà náà máa ń dáhùn bíi tiwa. Ẹ wá gbé e lọ sórí fóònù, nígbà tí ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ ń bi ẹni tó ń lọ sílé nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aláìsàn lè gba oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó má gbà á rárá, láìsí ẹni tó purọ́, láìsí ẹni tó ya ọ̀lẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn alábòójútó pé kí wọ́n má bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè tó ní "kò" nínú, kí wọ́n má sì bi í ní ìbéèrè tí orí mímì lè dáhùn. "Aago mélòó lo fún un lóògùn?" Ẹni tí kò tíì fún un kò ní rí aago kankan dárúkọ.

Ìdánwò yín náà ń tàn yín jẹ. Ìdánwò orí ìwé, pàápàá èyí tí a ti ń mú A tàbí B, bí ènìyàn ṣe ń kàwé ló ń wọ̀n, kò wọn ọwọ́. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n yóò há ìdáhùn sórí láì mọ ohun tó ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn olùtọ́jú inú ilé tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, fọwọ́ sí ní kí wọ́n gba ó kéré tán wákàtí 75 ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ fífi ọwọ́ ṣe é níṣojú olùkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 12 lọ́dọọdún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà ni pé kò gbà kí a fi ìwé dán àwọn iṣẹ́ kan wò. Wíwẹ̀ fún aláìsàn wà lára wọn, gbígbé e láti ibi kan sí ibòmíràn náà wà lára wọn. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ dúró kó fojú rí i bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe é fún ènìyàn. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kò nílò òfin kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kọ́ èdè fún oṣù mẹ́fà. N kò kórìíra rẹ̀, ẹni tó bá lè kọ́ èdè ibi tó ń gbé ti ṣe ara rẹ̀ lóore. Ṣùgbọ́n láti 1979 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Jim Cummins ní Kánádà ti ń ṣàlàyé pé èdè tí a fi ń tàkúrọ̀sọ yàtọ̀ sí èdè tí a fi ń kàwé. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń mọ ti àkọ́kọ́ láàárín bí ọdún méjì. Ìkejì máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé tó ń lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, kí ni oṣù mẹ́fà fẹ́ ṣe fún àgbàlagbà tó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn? Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́ ní kíláàsì èdè ni bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń sọ iye ọmọ tí a bí. Kò sí egbò ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìgbẹ́ tó le koko níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà láìsí owó oṣù sì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tó dára jù yóò ti lọ kí ó tó pé.

Ìmọ̀ràn kejì, títúmọ̀ gbogbo ìwé, dára ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ èdè kan tí wọn kò kà á rí. Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa: ẹ gbé ìwé tí a fi àmì sí lórí látòkè délẹ̀ fún ẹni tó ń sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí i tó ń kólòlò, tí yóò sì ní kí ẹ fún òun ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èdè mìíràn wà tí àwọn tó ń sọ wọ́n kò rí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ wọ́n sílẹ̀ rí. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ìtúmọ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ ní kó ka ojú ìwé kan sókè fún yín ní èdè rẹ̀, kó sì sọ ohun tó kà. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí fóònù ni yóò wúlò fún un, ìwé kọ́. Ọ̀fìn kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìtúmọ̀ lè pé pérépéré kí ohun tí a túmọ̀ má tọ̀nà fún ẹni tó wà níwájú wa. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní kí òṣìṣẹ́ máa wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí àti gìgísẹ̀ aláìsàn bóyá ó ti pọ́n, nítorí pé pípọ́n ni àmì àkọ́kọ́ tí egbò ìdùbúlẹ̀ fi ń hàn. Lára awọ tó dúdú, pípọ́n náà lè má hàn. Ó lè dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, ó lè gbóná tàbí kó le lábẹ́ ìka, kó sì máa ro aláìsàn. Ẹ lè túmọ̀ "pípọ́n" sí ọgọ́rùn-ún èdè, òṣìṣẹ́ yóò wo ẹ̀yìn ìyá tó dúdú kò sì ní rí nǹkan kan. Olùtumọ̀ kò lè mọ èyí. Ẹni tó ti tọ́jú egbò rí ló gbọ́dọ̀ ka ìtúmọ̀ náà kí ó tó jáde.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí ó bá jẹ́ tèmi nìyí. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe, èdè tí òṣìṣẹ́ fi ń ronú ni mo máa fi kọ́ ọ. Ohun tí ẹnu gbọ́dọ̀ sọ nínú ilé aláìsàn, èdè ilé náà ni mo máa fi kọ́ ọ, lọ́jọ́ kan náà, lórí iṣẹ́ kan náà. Bí a bá ń kọ́ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà, a ó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tó yé e, a ó sì fi ọ̀rọ̀ mélòó kan tí yóò sọ fún aláìsàn ní àkókò yẹn kún un: mo fẹ́ yí yín sí ọ̀dọ̀ mi, ẹ di irin yìí mú, ṣé ó ń dùn yín? Ọ̀rọ̀ yẹn yóò wọnú ọwọ́ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú èyí wò láti 2004 nínú ètò tí wọ́n pè ní I-BEST: olùkọ́ iṣẹ́ àti olùkọ́ èdè jọ ń wà nínú kíláàsì kan náà, kálukú kò dá kíláàsì tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin kò ní owó olùkọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ní òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó sì ń sọ ọ̀kan nínú èdè mẹ́fà yẹn. Ẹ mú irú wọn méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn, kí ẹ sì sanwó wákàtí tí wọ́n bá fi kọ́ ẹlòmíràn. Mo tẹnu mọ́ owó náà nítorí pé mo ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó gbọ́ èdè méjì di ògbufọ̀ ọ̀fẹ́: wọ́n ń pè é lóru, wọ́n ń pè é lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, títí yóò fi sú u tí yóò sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè ló lè kọ́ni. Àwọn kan yóò gba iṣẹ́ náà ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ dípò kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú mi rí, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kéré tó tí ó sì ń ṣe nǹkan ńlá. Òṣìṣẹ́ méjì fẹ́ fa bàbá kan tó sanra sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ó ti yọ̀ wálẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì dé ìwọ̀n ìbàdí wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ tó ń yọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ya ẹsẹ̀ wọn dáadáa, wọ́n ní kí bàbá tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ọ̀kan ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta." Bó ṣe pe ẹ̀ta ló fà á. Èkejì ń dúró kí ẹ̀ta parí kí òun tó fà, nítorí bí wọ́n ṣe ń kà á níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ara bàbá lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá irin bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò yé àwọn méjèèjì. Ohun tí kò sí nínú ìwé ló fa wàhálà náà. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ibi tí mo bá ti ń kọ́ni, a máa ń kọ́kọ́ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọwọ́ yóò fi gbéra, ní èdè ilé aláìsàn kí aláìsàn náà lè múra, àti sórí ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa pè é.

Nǹkan kan wà tó ń rékọjá èdè láìsí wàhálà púpọ̀, ìyẹn ni nọ́ńbà, ó sì kan ọ̀rọ̀ bàbá tí wọ́n fún ní omi lásán yẹn gan-an. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "omi tó ki díẹ̀", kálukú ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wọn "díẹ̀". Ètò kan wà tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, IDDSI lorúkọ rẹ̀, tó to ohun mímu àti oúnjẹ láti ìpele 0 dé 7. Ohun mímu wà láti 0 dé 4, oúnjẹ wà láti 3 dé 7. Omi lásán ni 0. Ẹ lè dán an wò nínú ilé: ẹ yọ ọ̀pá inú sírínjì, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ rọ ohun mímu náà sínú rẹ̀ dé mílílítà 10, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tún dí i. Bí ohun tó kù bá wà láàárín mílílítà 1 sí 4, ìpele 1 ni. Bí ó bá wà láàárín 4 sí 8, ìpele 2 ni. Bí ó bá ju 8 lọ tó ṣì ń kán, ìpele 3 ni. Sírínjì náà ṣe pàtàkì o: láti ojú àmì òdo dé àmì 10 lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mílímítà 61.5, nítorí pé àwọn sírínjì kò gùn dọ́gba. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ nínú èdè ibẹ̀ lè ṣe ìdánwò yìí kó sì kọ "2" sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tó bá rí i yóò sì mọ ohun tó ń wí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ibẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà tán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ síra láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tí ọ̀kan pè ní 70, nǹkan bí 3.9 ni lórí èkejì, ibẹ̀ sì ni ṣúgà ti ń lọ sílẹ̀ jù. Òṣìṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka 70 àti 120 lè rí 5.5 kó fò sókè, bẹ́ẹ̀ 5.5 dára. Ọjọ́ tí a ń kọ sórí ìwé náà ńkọ́? 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún àwọn kan, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta fún àwọn mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n máa kọ orúkọ oṣù jáde. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ní èdè ilé aláìsàn, ẹ má mú un láti inú ìwé ìṣègùn. Kò sí àgbàlagbà kankan, ní èdè kankan, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀, pàápàá lórí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ojú ara. Bí Yorùbá bá ní inú ń run òun tàbí orí ń fọ́ òun, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò pe ọkọ̀ aláìsàn. Gbogbo èdè ló ní irú rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tí ẹ ń tọ́jú àti àwọn ọmọ wọn, kí ẹ bi wọ́n pé: bí màmá bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ́, kí ló máa ń sọ? Bí ara bá ń ni ín, kí ló máa ń pè é? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Àkójọ náà kò ní ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, yóò sì wúlò ju ìwé gbédègbẹ́yọ̀ ńlá lọ.

Ẹ tún rántí pé òṣìṣẹ́ yín dá wà. Èyí ni ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti ilé ìwòsàn, tí àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbàgbé. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tí nǹkan kò bá yé lè yọjú sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kó ní, "Jọ̀ọ́, wá wo èyí." Nínú ilé, òun, aláìsàn àti ògiri ni. Nítorí náà, ohun tí kò bá yé e nínú kíláàsì kò ní rí ẹni bèèrè mọ́. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, ní èdè tó bá wù ú, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ má bi í pé ṣé ó yé e. Ẹ ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Fi hàn mí bí wàá ṣe ṣe é tí o bá dé ọ̀dọ̀ bàbá lọ́la." Ìtìjú á fúyẹ́, nítorí pé ẹ̀yin lẹ gbé e rù.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ń lò ó, yálà ẹ fọwọ́ sí i tàbí ẹ kò fọwọ́ sí i. Fún ìkíni, fún àkókò tí wọ́n máa dé, fún bíbéèrè ohun tí aláìsàn fẹ́ wọ̀, kò burú. Fún ìwọ̀n oògùn, fún ohun tí aláìsàn gbà tàbí tí ó kọ̀, fún àmì àìsàn tuntun, ẹ má gbà. Ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò tọ̀nà, ẹni tó ń lò ó kò sì ní mọ̀, torí bí ó bá mọ̀ ni kò ní lò ó. Àwọn èdè tí ìwé wọn kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ó máa ń ṣì sọ jù. Bákan náà, orúkọ aláìsàn àti àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí a kò mọ ibi tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ kékeré inú ilé kì í sì í ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé egbò rẹ̀ ti ń rùn.

Ibì kan wà tí n kò ti ní fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí, ìyẹn ni pàjáwìrì. Gbogbo òṣìṣẹ́, bó ti wù kí èdè rẹ̀ kéré tó, gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ó wà, kó sì lè sọ nǹkan mẹ́ta ní èdè ibẹ̀ láìwòwé: àdírẹ́sì ilé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, àti bóyá aláìsàn ń mí. Lẹ́yìn náà, orúkọ èdè tirẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n lè so ògbufọ̀ mọ́ ìlà náà. Ẹ fi fóònù dán an wò pẹ̀lú wọn: ẹ̀yin ẹ wà ní yàrá kan, kí òṣìṣẹ́ wà ní èkejì, nítorí pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lójúkojú kì í ní ọwọ́ lórí fóònù. Ẹ tún un ṣe ní oṣooṣù. Ẹ̀rù máa ń gbé èdè kejì mì, ohun tí ẹnu ti mọ̀ ọ́n sọ nìkan ló máa ń kù.

N kò ní sọ fún yín pé ọ̀nà yìí kò ní àléébù. Ó lọ́ra. Àwọn alábòójútó yín gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé àwọn aláìsàn wò, èyí tó túmọ̀ sí owó ọkọ̀ àti àkókò. Ó tún ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ ní èdè rẹ̀ má tètè gbọ́ èdè ibẹ̀, kó sì wà lójú kan náà fún ọdún púpọ̀ nígbà tí àwọn mìíràn ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn máa ń dùn mí, ó sì jẹ́ kí n máa ní kí ẹ ran ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè lọ́wọ́ pẹ̀lú àkókò iṣẹ́ tó ṣeé yí, bí ẹ kò tilẹ̀ lè sanwó kíláàsì. Lọ́wọ́ kejì, ẹ ní ìṣúra kan lọ́wọ́ tí ẹ lè má tíì kà kún. Àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé, tó gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta, máa ń pàdánù èyí tó kọ́ kẹ́yìn ṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà, á sì padà sí èyí tí ìyá rẹ̀ fi bá a sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tí ìdílé ní wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, tó jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ ni kò sí. Ẹ kọ èdè òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo àwọn tó bára mu kí ẹ tó pín iṣẹ́.

Ó ku ẹnì kan, nítorí pé ó máa ń wà: òṣìṣẹ́ tí ẹlòmíràn kankan lọ́dọ̀ yín kò gbọ́ èdè rẹ̀. Fún òun, ògbufọ̀ orí fóònù tí ẹ máa sanwó fún ni ẹ ó lò fún àwọn ẹ̀kọ́ tó léwu jù: gbígbé nǹkan mì, oògùn, gbígbé ènìyàn, àti pàjáwìrì. Ìyókù, kó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ àgbà kan láti ilé dé ilé, kó máa wò, lẹ́yìn náà kó máa ṣe kí ẹni náà máa wò. Yóò gba àkókò ju ti àwọn yòókù lọ. Títí òṣìṣẹ́ àgbà náà yóò fi fọwọ́ sí i pé òun ti rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan ránṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ti ń mu omi tó ki tàbí tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, kódà bí ọjọ́ náà bá le tí ẹnì kan sì pè pé ara òun kò yá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tàbí alábòójútó yín lẹ máa lọ.